Káàdì béésìbọ́ọ̀lù àtijọ́: bí ẹ ṣe lè máa kó o jọ títí ọjọ́ ogbó láìjẹ gbèsè

Baba kan wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland, tó ní àpamọ́wọ́ awọ kan tó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fa káàdì páálí kékeré kan yọ nínú rẹ̀, ó ní kí n wò ó dáadáa, kí n sọ ohun tí kò tọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ló wà lórí rẹ̀, ó gbé igi sókè, ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Baba bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi dá a dúró. Hank Aaron nìyẹn, gbajúmọ̀ eléré béésìbọ́ọ̀lù. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, àmọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ Topps ń tẹ káàdì ọdún 1957, wọ́n dojú fíìmù àwòrán rẹ̀ kọ òdì, Aaron bá di ọlọ́wọ́ òsì lórí páálí.

Baba fẹ́ fún mi. Òfin ibi iṣẹ́ ò gbà ká gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tí à ń tọ́jú, mo bá dá a padà, mo lọ wá tèmi rà. Ọdún kẹrìnlá rèé, mi ò tíì dáwọ́ dúró.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà níbí máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti gbọ́ pé káàdì kan lọ ní mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ olówó ni. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wá káàdì tó ti gbó, èyí tí ọmọ kan ti fi ṣeré, tí igun rẹ̀ ti rọ, tó ti gbé inú àpò ṣòkòtò rí. Òun ni apá wa ká, òun náà ló sì ní ìtàn lára. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìdí yẹn ni mo gbé e lé.

Èwo ló ń jẹ́ àtijọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo rí káàdì baba, mo ra páálí mẹ́rin tó kún fọ́fọ́ fún káàdì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ síta, igba dọ́là. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1988 sí 1991. Lójú mi, ohun tó ti lé lógún ọdún ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù káàdì kan, ọlọ́jà ò tilẹ̀ ṣí i. Ó ní kí n máa fi páálí náà ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó fà á rèé. Ní 1956, Topps ra Bowman tó ń bá a du ọjà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọjà náà jẹ títí di 1981, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Fleer àti Donruss rí ọ̀nà wọlé lẹ́yìn ẹjọ́ ní kóòtù. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ti sinmi mọ́. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òbí ń ra káàdì ní páálí-páálí, wọ́n ní owó yunifásítì ọmọ ló máa dà. Ohun tí gbogbo ayé bá sì fi pamọ́ kì í wọ́n. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ káàdì àtijọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ ka ọdún 1980 sí ibi tí ààlà wà, ká kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́n tó.

Inú páálí sìgá ni àwọn káàdì tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ti jáde, ní àwọn ọdún 1880. Páálí sìgá ìgbà yẹn rọ̀, káàdì yìí ni wọ́n fi ń gbà á dúró kí sìgá má baà rún, àwòrán eléré orí rẹ̀ ló sì ń fa oníbàárà padà. Láti 1909 sí 1911 ni American Tobacco Company tẹ ọ̀wọ́ tí à ń pè ní T206, èyí tó ní àwòrán tó lé ní 500. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti Honus Wagner, eléré ẹgbẹ́ Pittsburgh, tó jáde kí wọ́n tó dá a dúró, ọ̀kan nínú wọn sì lọ ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là ní 2022. Nígbà tó di 1933, inú ṣingọ́ọ̀mù ni ilé-iṣẹ́ Goudey ń fi tirẹ̀ sí, gbajúmọ̀ eléré Babe Ruth nìkan ló gba nọ́ńbà mẹ́rin nínú ọ̀wọ́ ọdún náà. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ìwé ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ káàdì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ lẹ́yìn 1941 títí Bowman fi gbé e dìde ní 1948.

Lẹ́yìn náà ni Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps ní Brooklyn, ya àpẹẹrẹ káàdì 1952. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, orúkọ eléré àti àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níwájú, ìṣirò bí eléré ṣe gbá bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn. Káàdì 407 ni. Àwọn tó kẹ́yìn, láti 311 lọ sí òpin, pẹ́ kí wọ́n tó dé ọjà. Àsìkò eré ti ń lọ sópin, ọkàn àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Ọjà náà kùtà. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rù-sí títí di nǹkan bí ọdún 1960, tí Berger kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Nọ́ńbà 311 yẹn ni Mickey Mantle, gbajúmọ̀ eléré ẹgbẹ́ Yankees ti New York. Ẹnì kan ra ọ̀kan tó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 50,000 dọ́là ní 1991. Ní oṣù kẹjọ 2022, ó tà á ní mílíọ̀nù 12.6. Ibi tí gbogbo ariwo ti wá nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pààlà oko yín

Ẹni tó bá ní òun ń kó "káàdì àtijọ́" jọ dà bí ẹni tó ní òun ń ro "ilẹ̀." Ilẹ̀ ibo? Ọkùnrin kan gbìyànjú láti ro gbogbo rẹ̀. Jefferson Burdick ni orúkọ rẹ̀, ará ìpínlẹ̀ New York, ẹni tí àìsàn oríkèé ara ń bá fínra. Òun ló tẹ ìwé àkójọ tó fún àwọn ọ̀wọ́ káàdì lórúkọ tí à ń lò títí dòní: N fún ti sìgá àwọn ọdún 1800, T fún ti sìgá àwọn ọdún 1900, E fún ti súùtì, R fún ti ṣingọ́ọ̀mù àwọn ọdún 1930. Ohun tó kó jọ lé ní 300,000, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan Museum of Art ní New York. Ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé títí di oṣù kìíní 1963, ó sì kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ wọ́n. Ẹ má tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú èyí.

Oko tó kéré ló ń gùn. Ẹ lè yan ẹgbẹ́ kan, bí Orioles ti Baltimore, láti 1954 tí wọ́n dé ìlú náà títí di 1979. Ẹ lè yan ọdún kan kí ẹ sì kó gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ pé, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ o: ti Topps 1972 jẹ́ 787. Ẹ sì lè yan eléré kan ṣoṣo. Frank Robinson dára fún èyí, torí káàdì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1957, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò sì ga jù fún òṣìṣẹ́.

Èyí tí èmi yàn ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú líìgì ńlá ní ìgbà náà, wọn kì í sì í gba aláwọ̀ dúdú. Jackie Robinson ló la ọ̀nà ní Brooklyn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1947, Larry Doby tẹ̀lé e ní Cleveland ní oṣù keje ọdún kan náà. Sam Jethroe wọ Boston Braves ní 1950, Ernie Banks wọ Chicago Cubs ní 1953, Elston Howard wọ Yankees ní 1955. Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ni Red Sox ti Boston, wọn ò gba Pumpsie Green wọlé títí di 1959. Ọdún méjìlá gbáko! Tí ẹ bá tẹ́ káàdì wọ̀nyí sórí tábìlì ní títò ọdún wọn, ẹ ó rí bí ilẹ̀kùn kan ṣe ṣí díẹ̀díẹ̀, tí àwọn kan fi ẹsẹ̀ tì í.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú oko yìí ni pé ọlọ́rọ̀ àti tálákà jọ wà níbẹ̀. Jackie Robinson ti Topps 1952, nọ́ńbà 312, wọ́n gan-an, torí inú àwọn tó kùtà yẹn lòun náà wà. Ṣùgbọ́n Pumpsie Green ti Topps 1960, nọ́ńbà 317, èyí tó ti gbó díẹ̀, owó abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran méjì ní Baltimore ju owó rẹ̀ lọ. Òun ni mo kọ́kọ́ rà.

Oko náà tún gbé mi dé ibi tí mi ò rò. Eléré dúdú tó kọ́kọ́ wọ Chicago White Sox, ní 1951, ni Minnie Miñoso, ọmọ Kúbà, láti Matanzas níbi tí ìlù òrìṣà ṣì ti ń dún títí dòní. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ò gbé àwòrán àwọn àgbà eléré dúdú jáde, Kúbà ń tẹ tiwọn. Oscar Charleston, tí àwọn kan kà sí ọ̀kan lára àwọn tó mọ eré náà jù lọ láyé, orí káàdì Kúbà àwọn ọdún 1920 ni ojú rẹ̀ wà. Owó mi ò ká ìyẹn. Mo máa ń wo àwòrán rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ọwọ́ kọ́ ọ kí owó tó jáde

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká jókòó sí, torí òun ni àwọn ènìyàn máa ń fò.

Ẹ ra káàdì mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò wá, àwọn eléré tí kò lókìkí, láti àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ní ibi ìpàtẹ káàdì, wọ́n máa ń wà nínú páálí gígùn lábẹ́ tábìlì, dọ́là méjì sí márùn-ún. Kí marùn-ún nínú wọn ti gbó gan-an. Ẹ tún wá rúlà, awò kékeré tí àwọn oníwúrà fi ń yẹ òrùka wò, àti iná tábìlì kan tí ọrùn rẹ̀ ṣe é yí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lè má tó ọgọ́ta dọ́là. Ilé-ẹ̀kọ́ yín nìyẹn.

Ẹ fọwọ́ pa káàdì náà. Páálí ìgbà yẹn le, ó sì rí gbúkugbùku díẹ̀ lẹ́yìn. Ti òde òní ń yọ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Káàdì tó ti gbé inú páálí bàtà fún ọgọ́ta ọdún ń rùn bí ìwé àtijọ́ inú àpótí ìyá àgbà. Tó bá ń rùn bíi tíì tàbí kọfí, ẹ fura, torí omi tíì ni àwọn ayédèrú fi ń sọ ìwé tuntun di ògbólógbòó.

Ẹ wá tan iná náà kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú káàdì kọjá láti ẹ̀gbẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a rí, tí ẹ ò rí nígbà tí iná wà lókè, á yọ bí ojú ọ̀nà inú igbó. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo ẹ̀yìn bóyá àbàwọ́n ṣingọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, torí Topps kò yọ ṣingọ́ọ̀mù kúrò nínú ọ̀rá káàdì rẹ̀ títí di 1992. Ẹ wo ààlà funfun tó yí àwòrán ká: ṣé ó dọ́gba lápá òsì àti ọ̀tún, tàbí àwòrán ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ ìgbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́, ìdí nìyẹn tí èyí tó dọ́gba fi ń gbówó lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé awò sójú, ẹ wo lẹ́tà dúdú orúkọ eléré. Lórí ojúlówó, yíǹkì dúdú náà dì, ó dán mọ́nrán, etí lẹ́tà sì gún. Àwòrán nìkan ló jẹ́ ẹ̀kán kéékèèké. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojúlówó tó sì tún un tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa di ẹ̀kán, títí kan lẹ́tà. Ìdánwò yìí ti gbà mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe é lórí mẹ́wàá tí ẹ rà kí ojú yín mọ bí òótọ́ ṣe rí. Ẹni tí kò mọ ojúlówó ò lè mọ ayédèrú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lóye máàkì, ẹ má sìn ín

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n yẹ káàdì wò, kí wọ́n fún un ní máàkì láti 1 dé 10, kí wọ́n sì dè é mọ́ inú ike líle. PSA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni ọjà mọ̀ jù, SGC àti Beckett sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó wúlò fún káàdì olówó ńlá, torí ó ń fi ojúlówó hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbowó lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, wàhálà ìfiránṣẹ́ sì wà. Tí káàdì yín ò bá tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí máàkì ń ṣe sí owó ló yẹ kí ẹ mọ̀. Aaron 1957 kan náà tó gba 2, tó gba 5, tó gba 8, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí máàkì ṣe ń gòkè lókè ni owó ń fò, torí àwọn tó mọ́ kò pọ̀, àwọn olówó ló sì ń du wọ́n. Nísàlẹ̀, láàrín 1 sí 3, owó rọ̀, àwòrán náà sì ni ẹ ń wò. Èmi fẹ́ràn káàdì tí igun rẹ̀ ti yí, tí ojú eléré ṣì mọ́ kedere. Ọgbọ́n kan nìyí: ẹ wá èyí tó gba máàkì kékeré nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, bí àbàwọ́n tàbí ìwé tó ya níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ álúbọ́ọ̀mù, tí iwájú rẹ̀ sì dára. Ẹ̀yìn kọ́ lẹ máa tẹ́ síwájú àlejò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rírà

Ibi ìpàtẹ káàdì ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń ṣe é ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìtura lópin ọ̀sẹ̀. Èyí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, National Sports Collectors Convention, bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1980. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, Rosemont lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago sì wà lára ibi tó ti máa ń wáyé. Ẹ̀yin tó ti ná aṣọ ní Gbági rí, ara yín máa mọlé. Ẹ kí ọlọ́jà dáadáa, ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ mú dání, ẹ kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, kí ẹ tó béèrè èló jálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ló dára jù, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ tí wọn ò sì fẹ́ gbé ẹrù padà. Ẹ mú owó beba dání. Ẹ má fi ẹnu tẹ́ ọjà ọlọ́jà o. Níbí, wọn kì í kà á sí ara ìnájà, inú máa ń bí wọn.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eBay ni ọjà tó tóbi jù. Iye tí ẹni tó ń tà kọ síbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwọn tó ti tà, kí ẹ wo iye tí ènìyàn san gan-an láàrín oṣù mẹ́ta, máàkì sí máàkì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ gbàǹjo, ẹ ti pinnu iye yín kí ọjọ́ tó pé, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, kí ẹ sì lọ fọ abọ́. Ẹni tó bá jókòó tì í, ẹ̀mí ìdíje á gbé e lọ.

Fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí tó ń tà ní ẹgbẹ́ orí Facebook, ẹ san án ní ọ̀nà tí PayPal yà sọ́tọ̀ fún ọjà rírà, èyí tó ń dáàbò bo ẹni tó rà. Tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ẹni ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, tàbí kí ẹ fi Zelle san, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀

Àtúntẹ̀ ni àkọ́kọ́. Topps fúnra rẹ̀ tún ọ̀wọ́ 1952 tẹ̀ ní 1983. Kò ṣe é láti fi tanni jẹ, ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́: ojúlówó 1952 jẹ́ ínṣì 2⅝ ní fífẹ̀ àti 3¾ ní gíga, àtúntẹ̀ jẹ́ 2½ ní 3½. Rúlà yín á sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ń fi omi pa á láwọ̀, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n ń gbé e sínú férémù kí ẹ má baà rí i wọ̀n. Káàdì tí ọlọ́jà ò bá fẹ́ yọ kúrò nínú férémù, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Rírẹ́ etí ni ìkejì, òun ló sì burú jù, torí ojúlówó ni káàdì náà. Igun rẹ̀ ti gbó, ẹnì kan fi abẹ rẹ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, igun bá mú bí tuntun. Káàdì tó kọ́kọ́ gba máàkì lọ́wọ́ PSA ní 1991 ni T206 Honus Wagner kan, máàkì 8 ni wọ́n sì fún un. Ó di káàdì tó lókìkí jù láyé. Ní 2013, Bill Mastro, oníṣòwò tó ti ni ín tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun rẹ́ etí rẹ̀. Bí ó bá lè kọjá lójú àwọn yẹn, ó lè kọjá lójú yín. Ẹ gbé káàdì tí ẹ fura sí lé orí ọ̀kan nínú mẹ́wàá yín tó jẹ́ ọdún kan náà, kí ẹ wò bóyá ó kéré. Ẹ fi awò wo etí rẹ̀. Etí tí ọdún ti kọjá lára rẹ̀ ti rọ, ó sì ti pọ́n díẹ̀; èyí tí abẹ gé láìpẹ́ ń funfun, ó sì mú.

Ìkẹta, àwọ̀. Topps 1971 ní ààlà dúdú tó máa ń ṣí fún nǹkan kékeré, funfun ìwé á yọ jáde. Àwọn kan ń fi bírò dúdú kùn ún. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìwé nípọn: tí dúdú bá ti ṣàn wọ ibẹ̀, wọ́n ti kùn ún ni.

Fún ti ayé sìgá àti Goudey, iná àlùkò kékeré tí wọ́n fi ń yẹ owó wò wúlò. Ìwé tó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kò ní èròjà ìmúfunfun tí wọ́n ń fi sínú ìwé òde òní, kò yẹ kó tàn yanran lábẹ́ iná yẹn. Fún ti àwọn ọdún 1950 síwájú, ẹ má gbára lé e, torí èròjà náà ti dé nígbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìtọ́jú

Ọ̀rá rírọ̀ kan fún káàdì kọ̀ọ̀kan, ike líle tí wọ́n ń pè ní toploader lórí rẹ̀, ó tán. Tí ẹ bá fẹ́ máa ṣí i bí ìwé, ẹ ra ojú ewé aláàpò tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní PVC. Èyí tó ní in máa ń rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ojú àwòrán lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà dè wọ́n. Ẹ má gbé wọn sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin ti ń gbé, tàbí òkè àjà tó ń gbóná bí ààrò. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá yín dára. Oòrùn ń jẹ àwọ̀, nítorí náà èyí tí ẹ bá gbé kọ́ ògiri, kí ojú fèrèsé má kọ sí i.

Ẹ má nu káàdì. Ẹ má fi omi, ọtí tàbí ẹ̀rọ aṣọ lílọ̀ tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ orúkọ eléré, ọdún, nọ́ńbà, ọjọ́ tí ẹ rà á, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti rà á àti iye rẹ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá tà pẹ̀lú èrè, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lè gba owó orí tó tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èrè irú ọjà yìí tí ẹ bá ti ní in fún ju ọdún kan lọ. Ìwé yẹn ló máa fi hàn pé gbogbo owó náà kọ́ ni èrè. Ìbánigbófò ilé náà kì í sábà san púpọ̀ fún irú nǹkan báyìí, ẹ bi wọ́n léèrè kí iye rẹ̀ tó pọ̀.

Ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ yóò nílò síbẹ̀ pẹ̀lú: èwo ni kí wọ́n má tà ní ìdákúdàá, ta ni kí wọ́n pè. Mo ti rí opó kan ní ibi ìpàtẹ tó gbé káàdì ọkọ rẹ̀ wá nínú àpò ọjà, kò mọ èwo ni èwo, ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ló sì rà gbogbo rẹ̀.

Nínú ọ̀rá káàdì kọ̀ọ̀kan tèmi, mo fi bébà kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn Aaron ti 1957, mo kọ orúkọ baba, alẹ́ tó fi hàn mí, àti pé dọ́là 45 ni mo ra tèmi. Ìyàwó mi kà á lóṣù tó kọjá, ó ní kí n fi kún un pé inú àpamọ́wọ́ òun ni 45 náà ti jáde. Mo ti fi kún un.